Òtútù kò ní kí àmíbà má sí nínú erùpẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá lórí èdè wa. Láti ọjọ́ tí mo ti dé Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ìwé ìròyìn yín ni mo fi ń gbọ́ ohùn ilé. Àbúrò mi ló máa ń ya àwòrán ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi láti Ìwó, pàápàá ojú ìwé ìlera, torí ó mọ irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Èyí tó fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló mú mi jókòó ti lẹ́tà yìí. Akọ̀ròyìn yín kọ nípa àmíbà, ohun ẹlẹ́mìí tíńtín tí ojú lásán ò lè rí, èyí tó máa ń gba imú wọ ọpọlọ. Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, mo sì kí i. Ṣùgbọ́n ibi tó parí ọ̀rọ̀ sí ni kò bá mi lára mu: ó ní inú omi ilẹ̀ gbígbóná nìkan ni nǹkan yìí ń gbé, pé kí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní ilẹ̀ òtútù lọ fọkàn balẹ̀, yìnyín ti bá wọn pa á.

Ẹ dákun, yìnyín kò pa á.

Ó di ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní láàbù kan níbí, erùpẹ̀ sì ni iṣẹ́ mi. Èmi kì í ṣe dókítà, èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Èmi ni mo máa ń gba erùpẹ̀ tó bá wọlé, tí mo máa ń pò ó, tí mo máa ń sé e, tí mo máa ń jókòó ti maikirosikóòpù títí ọrùn á fi máa dùn mí. Ohun tí mo bá rí ni mo ń kọ sílẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ.

Kí n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, torí mo mọ̀ pé tí a bá ti dárúkọ àmíbà nílé, inú ló máa ń wá síni lọ́kàn. Àmíbà tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, inú ìfun ènìyàn ló ń gbé. Ara ẹnì kan ló ti ń dé ara ẹlòmíràn, nípa omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn. Àwọn tí mò ń sọ yìí kò nílò ènìyàn rárá. Inú erùpẹ̀ àti omi nilé wọn, bakitéríà loúnjẹ wọn. Bí gbogbo wa bá kó kúrò láyé lónìí, wọn ò ní mọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá ṣèèṣì wọ ibi tí kì í ṣe tiwọn, ihò imú, ẹyin ojú, egbò ara, nìgbà náà ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn ló yẹ ká mọ orúkọ wọn: Naegleria fowleri, Acanthamoeba àti Balamuthia mandrillaris.

Naegleria fowleri ni akọ̀ròyìn yín kọ nípa rẹ̀. Orúkọ Malcolm Fowler ni wọ́n fi sọ ọ́, dókítà ará Adelaide ní Australia tí òun àti ẹnì kejì rẹ̀, Carter, kọ̀wé nípa àrùn náà ní 1965. Lóòótọ́ ni ó fẹ́ràn ooru. Omi tó gbóná dé 46°C, tí ọ̀pọ̀ ohun ẹlẹ́mìí mìíràn ò lè gbà mọ́ra, ibẹ̀ ló ti ń gbèrú. Lóòótọ́ náà ni pé ìkà ni. Ní Amẹ́ríkà, láti 1962 dé 2023, ènìyàn 164 ni wọ́n kà pé ó mú; mẹ́rin péré ló yè é.

Àmọ́ ilẹ̀ òtútù kò tutù níbi gbogbo. Ohun tí akọ̀ròyìn yín gbàgbé nìyẹn. Ìlú kan wà ní ilẹ̀ Czech tó ń jẹ́ Ústí nad Labem, ìlú tí yìnyín ń bọ́ sí lọ́dọọdún. Láàárín 1962 sí 1965, ènìyàn 16 ni Naegleria pa níbẹ̀, ọmọdé àtàwọn ọ̀dọ́, gbogbo wọn ló sì ti lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún kan ṣoṣo, adágún inú ilé tí wọ́n ń mú kí omi rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ní ìlú Bath, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, omi gbígbóná ti ń sun látinú ilẹ̀ láti ayé àwọn ará Róòmù. Ọmọdébìnrin kan lúwẹ̀ẹ́ nínú omi náà ní 1978, ó sì kú. Wọ́n fòfin de ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, wọ́n gbẹ́ ihò jíjìn tuntun fún omi náà, ó sì di 2006 kí ilé ìwẹ̀ tuntun tó ṣílẹ̀kùn. Ní Minnesota, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó bá Kánádà pààlà, níbi tí odò ti ń dì gbagidi lásìkò òtútù, ó pa ọmọ kan ní 2010, ó tún pa òmíràn ní 2012. Kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀ lókè yẹn tẹ́lẹ̀.

Èmi fúnra mi ti ki tẹmómítà bọ àárín òkìtì kọ́ńpọ́ọ̀sì kan, ìdọ̀tí tí à ń kó jọ kó lè jẹrà di ajílẹ̀, nínú oṣù kìn-ín-ní. Yìnyín funfun wà lórí rẹ̀, ìka mi ti kú tán. Tẹmómítà yẹn kà 52°C. Èéfín ń yọ lára ìdọ̀tí koríko àti èèpo ìṣu tí mo gbẹ́ yọ láàárín rẹ̀, bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò ẹ̀kọ. Ẹ fojú inú wò ó: gbogbo ìlú tutù, ṣùgbọ́n abẹ́ òkìtì yẹn gbóná ju Ìwó lọ lọ́sàn-án oṣù kẹta.

Ti Naegleria tó fẹ́ràn ooru nìyẹn. Àwọn méjì yòókù kò tilẹ̀ bá ooru ṣàdéhùn. Acanthamoeba wà níbi gbogbo tí wọ́n ti wá a: erùpẹ̀ oko, eruku ilé, omi ẹ̀rọ, omi òkun. Wọ́n ti rí i ní Antarctica, níbi tí igi kan ò ti lè hù. Tí nǹkan ò bá rọgbọ fún un, tí òtútù bá mú tàbí tí ilẹ̀ bá gbẹ, ó máa ń ká ara rẹ̀ kò, á wé èèpo méjì mọ́ra, á sì sùn. Wọ́n ti jí irú èyí tó sùn nínú òtútù fún ohun tó lé ní 20 ọdún, ó sì ń jẹun lọ bí ẹni pé àná ló sùn.

Balamuthia ni ìkẹta, òun sì ni mo bẹ̀rù jù. Ara ọ̀bọ ńlá kan tó kú ní ọgbà ẹranko San Diego ní 1986 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, ní 1993 ni wọ́n tó fún un lórúkọ. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí wọ́n ń rí i lára aláìsàn, tí wọn ò mọ ibi tó ń gbé. Ìgbà tí ọmọdé kan kú ní California ni àwọn onímọ̀ wọ ilé wọn lọ, wọ́n sì rí i nínú erùpẹ̀ ìkòkò òdòdó. 2003 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Ìkòkò òdòdó, Olóòtú, kì í ṣe odò kankan. Ní 2018 ni àwọn onímọ̀ ní Japan tún kọ̀wé pé àwọn ti rí i nínú erùpẹ̀ apá àríwá ilẹ̀ wọn, apá ibi tí òjò yìnyín ti máa ń bo òrùlé. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìròyìn obìnrin àgbàlagbà kan jáde ní Seattle, ìlú olóòjò títutù, tí ó ti ń fi omi ẹ̀rọ tó sẹ́ lásán fọ ihò imú rẹ̀. Egbò kan yọ sí i lára imú, wọ́n rò pé àrùn awọ ara lásán ni. Balamuthia ni. Ó ti dé ọpọlọ rẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Omi yẹn ni wọ́n fura sí.

Kí ló wá dé tí a kì í fi gbọ́ pé wọ́n rí i nílẹ̀ òtútù? Ibi tí mò ń bọ̀ gan-an nìyí. A kì í rí i torí pé a kì í wá a, ìgbà tí a bá sì wá a, a máa ń wá a bí ẹni tó fẹ́ kó má sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń wá a fún yín.

Tí erùpẹ̀ bá dé ọwọ́ mi, mo máa ń bu bíi ṣíbí ìdáná kan, mo máa pò ó mọ́ omi tí a fi iyọ̀ tín-ín-rín sí, èyí tó bá ara àmíbà lọ. Mo máa gbọ̀n ọ́n, mo máa jẹ́ kó silẹ̀. Mo ti ní àwo pẹlẹbẹ nílẹ̀ tí a da ágà sí. Ẹni tó bá mọ ẹ̀kọ tútù tó dì nínú abọ́ ti mọ bí ágà ṣe rí. Ṣùgbọ́n ágà yìí kò ní oúnjẹ kankan nínú, a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí bakitéríà inú erùpẹ̀ má baà bo gbogbo rẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo máa fi bakitéríà E. coli ra, tíńtín, bí ẹni fi bọ́tà ra búrẹ́dì. Oúnjẹ àmíbà nìyẹn. Mo máa kán omi erùpẹ̀ sí àárín àwo, mo máa dé e, mo máa dojú rẹ̀ dé, mo máa kó o sínú ẹ̀rọ ìmóoru: àwọn kan ní 30°C, àwọn kan ní 37°C, àwọn kan ní 42°C.

Tó bá di ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, tí ẹ bá gbé àwo náà sábẹ́ maikirosikóòpù, ẹ ó rí ọ̀nà. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi pè é. Bakitéríà tẹ́ lọ bí koríko pápá, ọ̀nà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ sì gba àárín rẹ̀ kọjá, bí ìgbà tí màlúù jẹko kọjá lóko. Tí ẹ bá tọ ọ̀nà náà dé ìparí, ẹ ó bá àmíbà lẹ́nu iṣẹ́. Ó máa na apá kan ara rẹ̀ síwájú, ara yòókù á wọ́ tẹ̀lé e. Acanthamoeba máa ń yọ ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lára bí ẹ̀gún ara èso. Tó bá ti sùn, èèpo rẹ̀ ti inú máa ń ní igun bí ìràwọ̀, ẹ ò lè ṣì í mọ̀. Naegleria ní ìdánwò tirẹ̀: tí a bá da omi tí kò ní iyọ̀ rárá lé e lórí, láàárín wákàtí díẹ̀ ó máa para dà, á yọ okùn méjì, á sì máa fò kiri bí eéṣú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pariwo. Mo pe ọ̀gá mi. Láti ọdún mọ́kànlá yìí, mo ṣì máa ń pè wọ́n bọ̀ wá wò ó.

Àwọn tó bá yọrí ní 42 ni a máa ń fojú sí jù, torí ara ènìyàn gbóná, èyí tí ò bá lè gba ooru mọ́ra kò lè ṣe wá ní nǹkan nínú ọpọlọ. Ohun tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹ gbọ́ nìyí: láti inú erùpẹ̀ Yorkshire, agbègbè tí Leeds wà, tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ nínú òtútù, àwo tí mo kó sí 42 ti yọrí lọ́pọ̀ ìgbà. Acanthamoeba ló pọ̀ jù nínú wọn. Mi ò tíì rí Naegleria fowleri rí, mi ò sì ní parọ́ pé mo rí i. Èyí tí mo rí, ìbátan rẹ̀ tí kì í ṣèèyàn ní nǹkan ni.

Ní báyìí, mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan. Lọ́dún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n kó erùpẹ̀ 40 wá fún wa, lára rẹ̀ ni ti ẹ̀gbẹ́ omi kan tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ jáde láti ilé iṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, mo sì fẹ́ tètè dé mọ́sálásí. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú fíríìjì bí wọ́n ti kọ́ mi pé kí n máa ṣe fún bakitéríà, mo ní tó bá di ọjọ́ Ajé màá ṣe é. Ọjọ́ Ajé, mo ṣe é. Kò sí nǹkan kan tó yọrí ní 42. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni iṣẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ó di oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà kí obìnrin àgbà kan tó wá bẹ̀ wá wò tó bi mí pé níbo ni mo ń kó erùpẹ̀ sí. Mo sọ fún un. Ó wò mí, ó ní, “Naegleria kì í ṣe ẹran tí à ń fi sínú fíríìjì.” Òtútù fíríìjì máa ń pa èyí tó ń rìn kiri lára wọn. Ibi tí kò tutù, tí kò gbóná, ni kí a gbé e sí, kí a sì tètè ṣe é. Mo ti fọwọ́ ara mi pa ohun tí wọ́n ní kí n wá, mo sì kọ̀wé pé kò sí. A padà lọ kó erùpẹ̀ ẹ̀gbẹ́ omi yẹn lẹ́ẹ̀kejì, a ò fi sí fíríìjì, ó sì yọrí. Láti ìgbà náà, tí mo bá rí i tí ẹnikẹ́ni kọ pé “a wá a ní ìlú báyìí, kò sí”, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń bèèrè ni pé báwo lẹ ṣe gbé e dé láàbù.

Balamuthia tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í jẹ bakitéríà. Ẹ lè fi E. coli ra àwo kún ilé, kò ní yà síbẹ̀. Àmíbà ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ, ìyẹn ni pé àfi kí ẹ kọ́kọ́ gbin àmíbà kan kí ẹ tó lè rí ìkejì. Ó sì lọ́ra: ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ ó máa wo àwo kan náà, kí mọ́ọ́lù sì má bò ó mọ́ yín lójú. Ìdí nìyí tí àwọn láàbù ayé òde òní fi ń wá DNA rẹ̀, àmì ìdámọ̀ tó wà nínú ara rẹ̀, dípò òun fúnra rẹ̀. Ìyẹn náà ní ìdẹkùn. Nǹkan dúdú tó mú kí ilẹ̀ dára, tó jẹ́ pé tí àgbẹ̀ bá rí i inú rẹ̀ á dùn, òun ló máa ń dí PCR, ẹ̀rọ tí a fi ń wá DNA yìí, lọ́nà. Erùpẹ̀ tó bá dúdú dáadáa, tí ẹ ò bá fọ DNA rẹ̀ mọ́, ẹ̀rọ á ní kò sí, nígbà tó jẹ́ pé ó wà. Erùpẹ̀ ilẹ̀ òtútù sì lọ́ràá nínú nǹkan dúdú yìí, torí ewé kì í tètè jẹrà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbàkigbà tí a bá ṣe PCR, a máa ń fi DNA tí a mọ̀ sínú ọ̀kan lára rẹ̀, ká fi mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ń ríran. Láàbù tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, “kò sí” wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ téèyàn lè gbára lé.

Ẹ má bínú pé mo pẹ́ lórí èyí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ òǹkàwé yín kì í ṣe ará láàbù. Ṣùgbọ́n inú “kò sí” yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ojú rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni, ọmọ ogún ọdún. Lẹ́ǹsì inú ẹyin ojú ló ń lò. Nílé tí wọ́n rẹ́ǹtì, omi ilé ìwẹ̀ látinú táǹkì tó wà lókè àjà ló ń wá, bó ṣe wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbí. Omi yẹn ló fi máa ń ṣan lẹ́ǹsì rẹ̀ tí oògùn tí wọ́n fi ń ṣan án bá ti tán. Lọ́jọ́ kan ojú ọ̀tún rẹ̀ pọ́n, ó ń dùn ún débi pé kò lè wo iná fóònù. Ilé ìwòsàn kan tó kọ́kọ́ lọ ní fáírọ́ọ̀sì ni, wọ́n fún un lóògùn fáírọ́ọ̀sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo sọ fún un pé kó bi wọ́n nípa àmíbà. Ó bi wọ́n. Ẹni tó dá a lóhùn ní ilẹ̀ olóoru ni wọ́n ti máa ń rí ìyẹn, ṣé ó ti lọ sí Nàìjíríà láìpẹ́ yìí? Kò lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti lọ kẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ̀wé nípa Acanthamoeba inú ojú láyé ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, ní 1974! Àrùn yìí pọ̀ níbí ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ olówó mìíràn lọ, omi táǹkì òkè àjà yẹn sì wà lára ohun tí wọ́n so ó mọ́. Ilé ìwòsàn kejì ló ha ojú rẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù, èèpo onígun yẹn ló sì wà níbẹ̀. Ó fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, bí èèyàn ṣe ń dá aládùúgbò rẹ̀ mọ̀. Oògùn tí wọ́n ní kó máa kán, wákàtí wákàtí ni, tọ̀sán tòru. Mo gba ìsinmi, mo lọ bá a gbé. Aago ń dún ní agogo méjì òru, ní mẹ́ta, ní mẹ́rin. Màá ṣí ipéǹpéjú rẹ̀, màá kán an, á di mí lọ́wọ́ mú torí ó ń ta á. Ojú yẹn ṣì wà, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n òjìji ọwọ́ ló ń rí nínú rẹ̀. Ó ń retí kí wọ́n pààrọ̀ awọ ẹyin ojú fún un.

Mo tún rí i pé akọ̀ròyìn yín kò mẹ́nu ba àlùwàlá, àwa Mùsùlùmí Yorùbá sì pọ̀ lára àwọn tó ń ka ìwé yín. Ní Karachi ní Pakistan, láàárín 2008 sí 2009, wọ́n kọ̀wé nípa ènìyàn 13 tí Naegleria mú, púpọ̀ nínú wọn ni kò lúwẹ̀ẹ́ rárá. Omi tí wọ́n ń fà símú fún àlùwàlá ni wọ́n fura sí. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi sunna sílẹ̀. Èmi náà ń fa omi símú lẹ́ẹ̀mẹta. Omi tí mo sè tó hó fún ìṣẹ́jú kan gbáko, tó wá tutù, ni mo fi ń ṣe ti imú. Mo gbé e sínú ìkòkò alámọ̀ kékeré kan tó ní ìdérí lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù. Omi ẹ̀rọ ni mo fi ń ṣe ìyókù. Kò gbà ju ife kan lọ lóòjọ́. Kí n sì má kó ìpayà bá ẹnikẹ́ni: omi ẹ̀rọ ní Leeds kì í ṣe omi Karachi, ewu rẹ̀ kéré púpọ̀, ẹni tó bá sì mu omi náà, kò sí ohun tí Naegleria máa fi ikùn rẹ̀ ṣe. Imú nìkan ni ọ̀nà rẹ̀ sí ọpọlọ.

Àwọn ìyá wa tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú nínú ilé onírọ́bà sí ẹ̀yìnkùlé níbí, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tẹ́ ẹ bá ń yí kọ́ńpọ́ọ̀sì. Ẹ bo egbò ọwọ́. Kó tó di pé ẹ ya àpò tuntun, ẹ gbé ojú kúrò, ẹ má sì fi imú súnmọ́ ọn. Kì í ṣe torí àmíbà fúnra rẹ̀ nìkan o. Ní Leeds níbí gan-an ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Rowbotham ti fi hàn ní 1980 pé bakitéríà Legionella, tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, máa ń sá wọnú àmíbà erùpẹ̀ àti ti omi, á sì máa pọ̀ sí i níbẹ̀. Ní Scotland ní 2013, àwọn ológbà kan ló kó oríṣi kan lára Legionella yìí látinú kọ́ńpọ́ọ̀sì.

Nǹkan tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín, Olóòtú, ni pé kí ẹ tún ìlà tó kẹ́yìn nínú àpilẹ̀kọ yẹn ṣe nínú ìwé yín. Kó má jẹ́ pé ọmọ Yorùbá kan níbí á lọ sọ́dọ̀ dókítà pẹ̀lú ojú pípọ́n tàbí orí fífọ́ tó le, tí òun fúnra rẹ̀ á ti kà nínú ìwé ìròyìn èdè rẹ̀ pé kò lè jẹ́ àmíbà. Kí ẹ sì bá mi sọ fún àwọn dókítà wa nílé, torí ìrísí àrùn Naegleria kò yàtọ̀ sí ti yírùnyírùn lójú: orí fífọ́, ibà, èébì, ọrùn tó le. Tí wọ́n bá fa omi ẹ̀yìn aláìsàn, kí wọ́n kán díẹ̀ sórí gíláàsì nígbà tó ṣì gbóná, kí wọ́n wò ó lójú ẹsẹ̀ bóyá nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Kí wọ́n má gbé e sínú fíríìjì.

Kí ẹ tún bá mi ké sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì wa. Ní Zaria ní 1979, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Lawande tẹ̀ ẹ́ jáde pé òun rí àwọn àmíbà erùpẹ̀ yìí nínú imú àwọn ọmọdé lásìkò eruku ọyẹ́. Ilẹ̀ wa náà ní ibi tó ń tutù: Jos wà ńbẹ̀, Mambila wà ńbẹ̀, Obudu wà ńbẹ̀. Ágà kò wọ́n, E. coli wà ní gbogbo láàbù, kò sí ẹ̀ka ìmọ̀ báyọ́lọ́jì tí kò ní maikirosikóòpù. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ìwádìí ìparí ẹ̀kọ́, tó sì lè ṣe sùúrù, iṣẹ́ rèé nílẹ̀. Mo ṣe tán láti kọ́ ẹnikẹ́ni lórí fóònù, lọ́fẹ̀ẹ́, ní òru pàápàá.

Bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, àwo mẹ́fà wà nínú ẹ̀rọ ìmóoru. Erùpẹ̀ ọgbà àwọn ìyá mẹ́ta ará mọ́sálásí wa ni, wọ́n gbẹ́ ẹ lọ́jọ́ Àìkú nígbà tí ilẹ̀ ṣì dì, mo sì gbé e wálé nínú àpò ìfàlọ́wọ́ mi, kò kan fíríìjì. Lọ́la ni mo máa wò ó. Ohun tí mo bá rí, màá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín, yálà ó wà tàbí kò sí, pẹ̀lú bí mo ṣe wá a.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Ìwó kan ní Leeds